Ohun Tí Ó Ń Dààmú Àwọn Ọ̀dọ́langba Wa ní Ilẹ̀ Ẹnubodè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti ẹgbẹ́ wa)

 

Ìwé tí akọ̀wé kọ sí wa wí pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìwà ìbàjẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, kí a sì tọ́ka sí bí a ó ti ṣe wá egbò dẹ́kun sí i. A dúpẹ́ fún ọlá tí ẹ dá wa. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ìwé náà ni a rí i pé ẹjọ́ ti parí kí àwọn tí a pè lẹ́jọ́ tó dé ilé ẹjọ́. Àwọn baba wa sì wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà a bẹ alága, ó sì gbà fún wa, pé kí a yí orí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni ohun tí ó ń dààmú àwọn ọmọ wa tí ó wà láàárín ọdún 13 sí ọdún 19, àti bí àwa àgbà ti ṣe ń ṣì wọ́n gbọ́. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní ọ̀dọ́langba. Wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, wọn kò sì tí ì di àgbà. Bí wọ́n bá bá àgbà sọ̀rọ̀, a ní kí wọ́n dákẹ́, ọmọdé ni wọ́n. Bí wọ́n bá bá ọmọdé ṣeré, a ní ojú kò tì wọ́n, àgbà ni wọ́n.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí a jáde kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, Ẹ̀gbádò ni à ń kọ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilẹ̀ wa. Ọdún 1995 ni a gba orúkọ Yewa, àwọn tí a ń kọ́ lónìí kò sì mọ orúkọ mìíràn fún ara wọn. Ó yẹ kí ẹni tí ó ti bá ọmọ gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè sọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n dípò tí a ó fi máa méfò, a kúkú bi wọ́n.

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó kọjá, a fún àwọn ọmọ kíláàsì kan ní pépà pélébé, a ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó wù ú kí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó má sì kọ orúkọ. A rò pé fóònù àti bàtà ni wọn yóò máa tọrọ. Àwọn kan tọrọ wọn lóòótọ́. Ọmọ kan tilẹ̀ ya àwòrán bàtà náà kí a má baà ra òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn pépà náà kò ní ọ̀rọ̀ bàtà nínú. Ọmọ kan kọ̀wé pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi òun wé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun tí ó wà ní Èkó, pé òun kò mọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe níbẹ̀, àwọn tí ó ń fi òun wé e náà kò sì mọ̀ ọ́n. Òmíràn wí pé òun kì í sùn títí di ààjìn òru nítorí pé òun ń bá ìyá òun palẹ̀ ọjà ọjọ́ kejì mọ́, bí òun bá sì tòògbé ní kíláàsì, olùkọ́ a ní ọ̀lẹ ni òun. Ọmọbìnrin kan wí pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù òun kọ́kọ́ dé, òun rò pé àìsàn ikú ni, òun sì gbé e pamọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ọmọkùnrin kan sì kọ̀wé pé òun kò fẹ́ máa kó ìrẹsì mọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí òun yóò ti sọ ọ́ fún àbúrò bàbá òun, nítorí pé nínú owó ìrẹsì náà ni wọ́n ti ń san owó ìdánwò òun.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí pépà ìkẹyìn yìí, nítorí pé kò sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yé ènìyàn bí ó ti yé àwa.

Gbogbo wa ni a mọ bí ààlà ti ṣe dé àárín wa. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n fa ìlà kan gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọmọ Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni ohun tí ó jẹ́ ìrìn-àjò láti ilé ẹ̀gbọ́n sí ilé àbúrò ti di ìrékọjá ẹnubodè. Àwọn baba wa kò gba ìlà náà gbọ́ rí nínú ọkàn wọn, bí wọ́n bá sì ru ẹrù gba inú igbó kọjá, wọn kò kà á sí olè. Àwọn ni ó sọ òwò náà ní fàyàwọ́, nítorí pé ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ́bodè rí òun ní láti fi àyà wọ́ nílẹ̀. Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ ìyìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe èébú pátápátá. Inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a bí àwọn ọmọ wa sí. Ní ilé-ìwé a ń kọ́ wọn pé òfin ni òfin. Ní ilé, wọ́n ń jẹ ìrẹsì tí ìjọba ti fi òfin de kíkó rẹ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní ọdún 2016, tí kò sì sí ẹni tí ó bèèrè bí ó ti ṣe dé inú ìkòkò. Ní ibi ìnáwó wa, àti ti ẹgbẹ́ yìí pàápàá, ìrẹsì wo ni à ń sè?

Ẹ wá wo bí àwọn ọdún tí ó kọjá yìí ti ṣe bá ọmọ ọdún 14 ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ẹnubodè pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé bẹntiróòlù lọ sí ilé epo èyíkéyìí tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ààlà. Àwọn ìlú àti abúlé wa tí ó sún mọ́ Ìdí-Ìrókò àti àwọn tí ó wà ní agbègbè Ìmẹ̀kọ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́, ọlọ́kadà tí ó fẹ́ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, gbogbo wọn di ẹni tí ń ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e gba inú igbó wá. Ta ni ó sì mọ ọ̀nà inú igbó ju ọmọ tí ó ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí oko láti kékeré? Kí ó tó pẹ́, ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà dé, a ti ilé-ìwé pa, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ sì wà nílé fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹnubodè wà ní títì, ilé-ìwé wà ní títì, igbó nìkan ni ó ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí a padà sí ẹnu iṣẹ́, a rí àwọn àga tí kò sí ẹnì kankan lórí wọn. Àwọn ọmọ náà kò kú, a ń rí wọn lójú títì, wọ́n ń kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀ láti orí ọ̀kadà. Díẹ̀ nínú wọn ń mú owó wálé ju iye tí a ń gbà lọ́wọ́ ìjọba ní ìparí oṣù. Bí a bá sì lọ bá òbí wọn, òbí a ní, "Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rí ti oúnjẹ." A kò lè sọ pé òbí náà ya wèrè. Ìjọba kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé òun yóò ṣí àwọn ẹnubodè, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ọdún 2022 ni Ìdí-Ìrókò tó ṣí.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 dé, tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bí náírà 190 fò lọ sí nǹkan bí náírà 500. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé èrè tí ó wà nínú gbígbé epo kọjá ààlà dín kù púpọ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ tí ó fi ìwé sílẹ̀ ní ọdún 14 ti tó ọdún 17 tàbí 18 nígbà náà. Òwò tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ fún ti já wọn jù sílẹ̀, ìwé náà kò sì dúró dè wọ́n. Irú wọn wà láàárín wa títí di òní olónìí, ní abẹ́ igi, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ọjọ́ orí tẹ́tẹ́. Àwọn ni a ń pè ní ọmọ ìta. Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn kò sí mọ́, nítorí pé ìbọn a máa dún ní ojú ọ̀nà ẹnubodè, ọta ìbọn kì í sì bèèrè ọjọ́ orí.

Bí a bá ní kí a wá ẹni tí ó kọ́ wọn pé owó ni ó jù, a kò ní láti lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá gbé ọkọ̀ ńlá wọ ìlú ní ọdún tí ó ṣáájú ọdún tí ó fẹsẹ̀ rìn. Àwọn onílù á yí padà sí i, adarí ètò á pe orúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta, a ó sì fi í jókòó ní iwájú, níbi tí olórí ilé-ìwé tí ó ti sin ìlú fún ọdún 30 kò gbé rí àyè jókòó. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé kí ni ó ń ṣe. Àwọn ọmọ wa dúró ní ẹ̀yìn àgọ́, wọ́n ń wò. Nígbà tí ó bá wá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí a gbọ́ pé ọmọ kan ti ń bá àwọn Yàhúù rìn, a ó máa pariwo pé a kò mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ.

Ọ̀ràn kejì ni ti ìdánwò, ibẹ̀ sì ni àṣìgbọ́ wa gbé hàn kedere jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì jáde. Nínú àwọn ọmọ tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 950 tí a gbé èsì wọn jáde, àwọn tí kò rí máàkì 200 gbà nínú 400 lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ariwo ta. Nínú ọkọ̀, ní ilé ìjọsìn, lórí rédíò, ohun kan náà ni gbogbo àgbà ń wí: fóònù ti jẹ ọpọlọ wọn, wọn kò kàwé mọ́, ọ̀lẹ ni wọ́n. A gbọ́ ọ ní ìlú yìí, láti ẹnu àwọn tí a bọ̀wọ̀ fún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sí i, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọ̀gá àgbà àjọ náà, jáde, ó sì sunkún ní gbangba. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti wà nínú ètò kọ̀ǹpútà àwọn ibùdó ìdánwò kan ní Èkó àti ní ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, àti pé àwọn ọmọ 379,997 ni yóò tún ìdánwò ṣe. Ẹ gbọ́ iye náà: ó kù díẹ̀ kí ó pé ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gba èébú, àwọn mìíràn ti gba ìgbájú, kí a tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe é.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 kan náà, WAEC, tí ó ti wà láti ọdún 1952, gbé èsì tirẹ̀ jáde: ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn. Ariwo tún ta, ọ̀rọ̀ kan náà ni a sì tún sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n kó èsì náà padà, wọ́n ní ìdáhùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a fi máàkì ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kan. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, iye náà di 62.96. A kò sọ pé gbogbo àwọn ọmọ wa ni ó ń kàwé. Àwa tí a wà níwájú pátákó mọ èyí tí kì í ṣí ìwé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí a ń wí ni pé ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọdún kan ṣoṣo, a dá wọn lẹ́bi kí a tó wádìí, a kò sì gbọ́ pé ilé kan pe ọmọ rẹ̀ padà kí ó ní, "Ọmọ mi, má bínú."

Ẹ jọ̀wọ́, níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kan ọ̀rọ̀ àwọn ibùdó tí òbí ń san owó gọbọi sí kí a lè kọ ìdáhùn fún ọmọ wọn. Ọmọ ọdún 16 kò ní owó náà. Òbí ni ó ń san án, òbí náà ni yóò sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò láti gbàdúrà àṣeyọrí. Ọmọ tí ó bá kọ̀ láti lọ a di alágídí. A mọ ọmọ kan tí ó kọ̀, tí bàbá rẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odindi sáà kan. Ó kọ ìdánwò náà ní ilé-ìwé rẹ̀, ó yege nínú mẹ́rin, kò yege nínú Ìṣirò. Lójú bàbá rẹ̀ ó ti kùnà. Lójú tiwa, ọmọ náà ni ó yẹ kí adarí ètò pe orúkọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ oorun tí ọmọ kan kọ sínú pépà rẹ̀ náà ní ìdí tí ó ju ọjà ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ohun tí ó ń pe oorun nínú ara a máa pẹ́ kí ó tó jáde ní alẹ́ ju ti àgbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè lọ ní òwúrọ̀. Wọ́n sì rí i pé apá iwájú ọpọlọ, èyí tí a fi ń rò ó kí a tó ṣe é, kì í gbó tán títí ọmọ yóò fi lé ní ogún ọdún. Kì í ṣe àwáwí fún ìwà búburú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kò tí ì ta kò ní fa á tu kí ó wá máa bú ilẹ̀. Ọmọ tí ó ń sùn títí di aago méje ní ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe ọ̀lẹ dandan, èyí tí inú ń tètè bí kì í sì í ṣe pé ayé ń ṣe é.

Ti àwọn ọmọbìnrin wa wúwo ju èyí lọ. Láyé àtijọ́, ìyá àgbà wà nínú agbo ilé, ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ọmọbìnrin yóò sì rí ẹni tí yóò fà á sí kọ̀rọ̀ kí ó sọ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ fún un. Lónìí, yàrá méjì ni à ń gbé, ìyá ti lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá àgbà sì wà ní abúlé. Ìyá rò pé olùkọ́ ti sọ ọ́. Olùkọ́ rò pé ìyá ti sọ ọ́. Inú fóònù ni ọmọ ti lọ gbọ́ ọ, láti ẹnu àwọn tí kò fẹ́ ire fún un. Bí oyún bá wá dé, gbogbo ilé a bèèrè pé ta ni. A kò tí ì gbọ́ ilé tí ó bèèrè pé kí ni a ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà á kúrò ní ilé-ìwé, ọkùnrin náà, tí ó sì jẹ́ àgbàlagbà lọ́pọ̀ ìgbà, á máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹgbẹ́ yìí bá fẹ́ bá ẹnì kan wí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, kí ó sì rí i pé ọmọbìnrin náà padà sí kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

A kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ fóònù, nítorí pé ẹ̀yin náà ń wo tiyín bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Àwọn ọmọ kan wà tí ìdààmú yìí wọ̀ lára dé ibi tí wọn kì í jẹun mọ́, tí wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé ayé sú àwọn. Àṣà wa ni láti sọ pé ẹ̀mí kan ni, tàbí pé afẹ́ ni. A kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ní Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí wa, ni ilé ìwòsàn Arò wà. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní ọdún 1954. Ó fi àwọn aláìsàn sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kò sì lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù; ó bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn tí ó wà ní òkè òkun ń ka ìwé nípa Arò, tí àwa tí a wà ní ìtòsí rẹ̀ sì ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wa. Bí ọmọ bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe nà án. Ẹ jókòó tì í, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà.

Nísinsìnyí, kí ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe? Owó wa kò pọ̀, a kò sì lè ṣí ẹnubodè tàbí kí a ti í. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣáájú wa ti fi ọ̀nà hàn. Ní ọdún 1959, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí ó ń darí ilé-ìwé náà rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde kò mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Wọn kò bú wọn. Wọ́n pe nǹkan bí ogún ènìyàn láti inú ìlú, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, pé kí wọ́n wá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ ni ètò ìtọ́nisọ́nà ní ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ilẹ̀ tiwa pàápàá, ní ọdún 1963, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò pẹ̀lú ìrànwọ́ láti Amẹ́ríkà, tí àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Harvard sì lọ́wọ́ sí i. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọmọ kan lè ní orí ìwé, òmíràn lè ní ọwọ́ iṣẹ́, òmíràn lè ní ojú oko, kí gbogbo wọn sì wà ní abẹ́ òrùlé kan láìsí ìtìjú. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni a gbé wọ inú ètò ẹ̀kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà tí ó di ọdún 1982. Èrò náà ti inú ìgbèríko wa jáde. Àwa ni a wá gbàgbé rẹ̀, tí a sì ń sọ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ igi pé bí kò bá wọ yunifásítì, ayé rẹ̀ ti bàjẹ́.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ méjì níwájú ìgbìmọ̀. Èkínní ni pé kí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń fún àwọn tí ó wọ yunifásítì àti pólì lọ́dọọdún, kí a yọ apá kan nínú rẹ̀ fún ọmọ-iṣẹ́: kí a fi ra irinṣẹ́ fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ rẹ́wáyà tàbí iṣẹ́ aṣọ rírán, àti kí a fi san owó ìdánwò fún àwọn tí ó fi ìwé sílẹ̀ nígbà tí igbó ń pè wọ́n, tí wọ́n sì fẹ́ padà wá. A mọ márùn-ún lára wọn tí ó ti wá bá wa nílé ní alẹ́, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti wá ní ọ̀sán. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, a ṣe tán láti máa kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ láìgba kọ́bọ̀, àwọn olùkọ́ mẹ́ta mìíràn sì ti ṣèlérí láti bá wa ṣe é.

Èkejì ni pé kí ẹgbẹ́ yà ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú sáà kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọmọ ìlú yóò wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́langba nínú gbọ̀ngàn yìí. Kì í ṣe láti wàásù fún wọn. Ìwàásù ti tó wọn. Kí ẹ wá sọ bí iṣẹ́ yín ti rí, iye ọdún tí ẹ fi kọ́ ọ, ohun tí ó le nínú rẹ̀, àti ohun tí ó ń mú wọlé ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè ohun tí ó bá wù wọ́n, kí a má sì ṣe sọ fún ọmọ kankan pé ìbéèrè rẹ̀ kò bójú mu.

Akọ̀wé ti bá wa gbé ìwé kan sí orí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí yóò bá wá, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó lọ jẹun. Lọ́yà méjì àti àlùfáà mẹ́ta ti kọ tiwọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a sì dúpẹ́. Ohun tí a ń wá jù ni bíríkìlà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àgbẹ̀ tí ó ń fi oko rẹ̀ jẹun, télọ̀, àti, bí a bá rí ẹni tí ó ní ìgboyà, ẹnì kan tí ó ti ṣe fàyàwọ́ rí tí ó sì ti fi í sílẹ̀.